Píkọ́ọ̀pù àti wágọ̀n àtijọ́ ní àgbàlá àlòkù: báwo lẹ ṣe ń dá èyí tó ṣọ̀wọ́n mọ̀?

Àyìnlá_Ṣáàsì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Píkọ́ọ̀pù àti wágọ̀n (ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ nà dé ẹ̀yìn) Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láti 1947 títí dé nǹkan bí 1972 ni mò ń wá nínú àwọn àgbàlá tí wọ́n ń kó àlòkù ọkọ̀ sí. Ọkọ̀ tí oòrùn àti òjò ti ń lù fún ogójì ọdún ṣòro dá mọ̀. Ọ̀dà ti ṣí, àmì orúkọ ti já dànù, wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì òmíràn lọ, wọ́n sì ti gbé ilẹ̀kùn ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kọ́ òmíràn. Irú àgbàlá wo ló yẹ kéèyàn máa lọ? Kí lẹ máa ń wò tí ẹ fi ń mọ̀ pé èyí ṣọ̀wọ́n? Kí sì ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Alálòkù_Àgbà:
Àyìnlá, o káre tó o béèrè kó o tó náwó. Oríṣi àgbàlá méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí oníbàárà ti ń mú sípánà ara rẹ̀ lọ tú ohun tó fẹ́. Ọkọ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀: ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré, wọ́n ti rún un láti fi ààyè gba òmíràn. Ọkọ̀ àtijọ́ kì í sábà dé ibẹ̀, bó bá sì dé, má fi dọ̀la. Èkejì ni àgbàlá ìdílé tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́, tí wọ́n to ọkọ̀ sí ní ìlà-ìlà títí igi fi hù láàárín wọn. Irú ibẹ̀ ni kó o dojú kọ.

Google Earth ni wàá fi tètè rí wọn. Wo ẹ̀yìn àwọn ìlú kékeré, kó o wá ibi tí ọkọ̀ ti tò bí ebè oko. O lè wo àwòrán ọdún àtẹ̀yìnwá níbẹ̀. Bí ìlà ọkọ̀ tó wà nínú àwòrán ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn bá ṣì wà bó ṣe wà, àgbàlá yẹn kì í rún ọkọ̀. Bó bá ń yí padà lọ́dọọdún, fi í sílẹ̀.

Arizona, New Mexico àti ìwọ̀ oòrùn Texas gbẹ, nítorí náà irin a máa pẹ́ níbẹ̀. Ní Michigan àti Ohio, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ló ń jẹ ṣáàsì láti ìsàlẹ̀ wá. Lóòótọ́, oòrùn aṣálẹ̀ a máa jó rọ́bà, ìjókòó àti dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ṣì máa mú ti aṣálẹ̀, torí rọ́bà àti ìjókòó ṣe é pààrọ̀, ṣáàsì tó ti jẹ tán kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi ọjọ́ kan tún ṣe.

Tó o bá débẹ̀, má bi wọ́n pé "ṣé ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́?" Ọkọ̀ 1998 lè ni ẹni tó jókòó síbẹ̀ ń pè ní àtijọ́. Béèrè ìlà tí píkọ́ọ̀pù tó ṣáájú 1960 wà. Ìparí ìgbà òtútù ló dáa jù láti lọ: koríko ti wó, ejò àti agbọ́n kò sì tíì jáde. Inú ilẹ̀kùn àti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni agbọ́n fẹ́ràn láti kọ́lé sí, nítorí náà kan ilẹ̀kùn kó o tó ṣí i.

Òòfà_Lọ́wọ́:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ibi tí wọ́n wà, ẹ jẹ́ n sọ ti ìdánimọ̀. Àmì orúkọ ṣe é yọ, ó sì ṣe é kàn mọ́ ọkọ̀ mìíràn. Ohun tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sára irin ni kó o gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú wágọ̀n Chevrolet Nomad ti 1955 sí 1957. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, òpó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà sì dà síwájú. Wọ́n tẹ ìlà kòtò-kòtò sí ẹ̀yìn òrùlé rẹ̀ ní ìbú, kò sẹ́ni tó lè yọ ìyẹn lọ. Irin dídán méje ló dúró lóòró lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń wó sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó wọn lọ, ihò tí wọ́n fi dè wọ́n ṣì máa wà níbẹ̀: fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò, kó o ka ìlà ihò náà, méje ló yẹ kó jẹ́. Lẹ́yìn náà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Pátákó irin kékeré kan wà lára ògiri tó pààlà ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀. 1064DF ni nọ́ḿbà tí Nomad máa ń ní lórí rẹ̀. Nọ́ḿbà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní sọ fún ọ pé Nomad ni, torí irú kan náà ni wọ́n fún àwọn Bel Air yòókù, ìyẹn ọ̀wọ́ Chevrolet tí Nomad wà nínú rẹ̀. Má sì retí nọ́ḿbà ọkọ̀ tó ní lẹ́tà àti nọ́ḿbà 17 lápapọ̀, ìyẹn bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀ 1981. Pontiac Safari onílẹ̀kùn méjì ti àwọn ọdún yẹn ni ìbejì Nomad, má kọjá lára rẹ̀.

Ní ti píkọ́ọ̀pù, Chevrolet ti 1955 jẹ́ oríṣi méjì nínú ọdún kan náà. Ti àtijọ́ ń jáde lọ títí di oṣù kẹta kí tuntun tó dé. Tó o bá ń ra ẹ̀yà ara, "1955" nìkan kò tó, sọ èwo nínú méjèèjì. Cameo Carrier (1955 sí 1958) ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbójú fò: òòfà kò ní lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí ẹ̀yìn rẹ̀, torí fáíbà ni wọ́n fi bo irin inú. Fáíbà tó ti là máa ń jọ àtúnṣe ẹni tí kò mọṣẹ́. Ford F-100 ti 1956 ni òpó gíláàsì iwájú rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí gíláàsì sì yí wọ ẹ̀gbẹ́, nínú àwọn F-100 ti 1953 sí 1956, ọdún yẹn nìkan ni wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá tún ní gíláàsì ẹ̀yìn ńlá ló ṣọ̀wọ́n jù nínú wọn.

Kó o tó kúrò nídìí Chevrolet tàbí GMC àwọn ọdún 1950, bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ń gba agbára, tí gíábọ́ọ̀sì kejì sì wà lẹ́yìn àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ NAPCO, ìyẹn ẹ̀yà tí ilé iṣẹ́ kan ń ṣe láti mú kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ máa gba agbára. Irin abẹ́ yẹn lè níye lórí ju gbogbo ara tó gbé sórí rẹ̀ lọ.

Àyìnlá_Ṣáàsì:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ká ní Nomad ti 1955 tó ní 1064DF ni, ẹ́ńjìnnì V8 rẹ̀ ti há, gíláàsì ẹ̀yìn kò sí, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹrà. Ibo ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀?

Alálòkù_Àgbà:
Ìwé ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Béèrè bóyá ìwé tó fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn wà, kó o sì mú nọ́ḿbà ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ìpínlẹ̀ yẹn kó o tó sanwó. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti rún un, ó lè má ṣe é forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, iye tí wọ́n ń ta ẹ̀yà ara ni kó o san. Wọ́n jó pátákó nọ́ḿbà Chevrolet 1955 sí 1957 mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ni. Tó bá jẹ́ bóòtì tàbí ìṣó ló dì í mú, fi sílẹ̀, kó o wábi gbà. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n yọ nọ́ḿbà ọkọ̀ tàbí kí wọ́n yí i padà.

Ìpẹtà ló kàn. Di òòfà sínú aṣọ kó má ha ọ̀dà, kó o máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lára irin. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, póòtì tí wọ́n fi dí ihò ló wà lábẹ́ rẹ̀. Fi ẹ̀yìn òòlù kan án: irin tó yè a dún gán-án-gán, èyí tó ti jẹrà a dún pọ́ọ̀kù. Nínú wágọ̀n, etí gíláàsì ẹ̀yìn lomi ń gbà wọlé, ó ń ṣàn lọ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó sì ń dúró sínú kòtò táyà ìpààrọ̀. Ká kápẹ́ẹ̀tì, má gbójú lé òkè. Ti píkọ́ọ̀pù, igun ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni, níbi tí ewé àti iyẹ̀pẹ̀ ń kóra jọ sí, àti ibi tí orí ọkọ̀ jókòó sí lórí ṣáàsì.

Òòfà_Lọ́wọ́:
Ti ẹ́ńjìnnì: má ṣe fi sítátà yí i. Ìyẹn ló ń ká eyín, tó sì ń tẹ ọ̀pá tó ń gbé fáfù. Yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Po ọ́ìlì gíá ọ̀tọ́mátíìkì àti acetone pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, kó o da nǹkan bí 30 ml sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Acetone ń gbiná kíákíá, kó má sí iná tàbí sìgá nítòsí. Fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó o tún fi díẹ̀ kún un lọ́jọ́ kẹta. Lẹ́yìn náà tú nọ́ọ̀tì tó wà lórí rọ́kà kí àwọn fáfù lè pa dé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á máa wá bóòtì tí wọ́n á fi sípánà yí níwájú kiráńkì. V8 Chevrolet 1955 kò ní. Ṣí ìbòrí ìsàlẹ̀ gíábọ́ọ̀sì, kó o fi ọ̀pá irin mú eyín fúláíwíìlì, kó o tì í díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn. Tó bá lọ, yí i yípo méjì kí pílọ́ọ̀gì tó wọlé, kí omi inú rẹ̀ tú jáde. Tún wo ẹ̀gbẹ́ bílọ́ọ̀kì: ti 1955 kò ní ààyè fílítà ọ́ìlì. Bí ààyè náà bá wà, ẹ́ńjìnnì míì ni wọ́n gbé sí i.

Fún gbígbé, mú rìímù tó ní táyà lọ. Nomad ń lo ihò márùn-ún, íǹṣì 4.75 (ìyẹn ìbú òbírí tó gba àárín àwọn ihò náà). Píkọ́ọ̀pù Chevrolet kékeré títí dé 1970 jẹ́ mẹ́fà, íǹṣì 5.5, F-100 jẹ́ márùn-ún, íǹṣì 5.5. Tó bá jẹ́ Dodge, wo ojú nọ́ọ̀tì apá òsì: bí L bá wà níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yí i kó tó tú. Ẹni tí kò mọ̀ á ṣẹ́ gbogbo rẹ̀. Tí bíréèkì bá há, dín irin tó ń fẹ bàtà bíréèkì kù láti ihò ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù, kó o sì máa kan dúrọ́ọ̀mù yíká, kì í ṣe létí.

Gíláàsì ẹ̀yìn, pa pọ̀ mọ́ férémù rẹ̀ ni kó o ra á. Tó o bá ń yọ ọ́ lára ọkọ̀ mìíràn, fi ọ̀bẹ gé ètè rọ́bà yíká, kí ẹnì kejì dúró lóde gbà á, kí ẹ sì tì í láti inú. Ẹnu sukuduráífà ló ń fọ́ ọ: tó bá kan etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á di hóró. Ní òòró ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, láàárín bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀.