Drone kékeré tó ń wọ inú ilé fúnra rẹ̀: ṣé ó wúlò níbi tí ilé ti wó?

Alákàsọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Panápaná ni mí n'Íbàdàn, ọdún kẹrìnlá mi nìyí nídìí iṣẹ́ yìí. Lóṣù tó kọjá, àwọn ọmọkùnrin méjì kan gbé drone, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò, wá sí ọ́fíìsì wa. Kò tóbi ju abọ́ ìfọwọ́ lọ, wọ́n sì ti ṣe nǹkan yí i ká bí àgò adìẹ. Wọ́n ní ká ṣáà gbé e sẹ́nu ọ̀nà, á wọlé fúnra rẹ̀, á yẹ yàrá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi àwòrán ránṣẹ́ sí wa níta. Wọ́n gbé e fò nínú gbọ̀ngàn wa, ó ń gba àárín àga kọjá láìkọlu nǹkan kan. Ọ̀gá wa ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Èéfín ò sí nínú gbọ̀ngàn wa. Nígbà kan tí ilé alájà mẹ́ta wó, a ní kí gbogbo èrò panu mọ́, a ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, ká lè gbọ́ bí ẹnì kan bá ń kan nǹkan lábẹ́ kọnkéré. Obìnrin kan ń fi ṣíbí gbá páìpù. Ohùn ṣíbí yẹn la tẹ̀ lé títí a fi yọ ọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá yìí ń kùn bí odidi ilé agbọ́n! Kí la fẹ́ fi ṣe níbi tí a ti ń fetí wá èèyàn? Báwo ló sì ṣe máa mọ̀nà lábẹ́ kọnkéré, níbi tí fóònù gan-an kì í ti mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Ẹni tó ti lò ó ni kó dá mi lóhùn o, ẹni tó wo fídíò kó dúró ná.

Onírọ́tọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu iṣẹ́. Mo ti wa Elios, drone tí ilé iṣẹ́ Flyability ń ṣe ní Switzerland, nínú táǹkì epo tó ṣófo. Àgò tó wà lára rẹ̀ ló jẹ́ kó lè forí sọ ògiri kó má já. Àmọ́ èmi ni mo di kọ́ńtírólù mú, kì í dá rìn. Bátìrì rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

GPS ò wọ inú ilé, nítorí náà kámẹ́rà ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń mọ̀nà: á máa wo àmì ara ògiri, bí àmì yẹn bá sún, á mọ̀ pé òun ló sún. Àwọn mìíràn ní iná léésà tó ń wọn bí ògiri ṣe jìnnà tó. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Èéfín dúdú fọ́ kámẹ́rà lójú, ó sì ń tan léésà jẹ. Wọ́n á sọ fún yín pé kámẹ́rà ooru ń ríran nínú èéfín. Òótọ́ ni, á bá yín rí èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá òun ni drone náà fi ń mọ̀nà. Lórí òkìtì ilé tó wó, atẹ́gùn abẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa tú eruku bo ara rẹ̀ lójú. Kọnkéré sì ń gé rédíò. Ẹ bi wọ́n pé tí rédíò bá já, ṣé ó máa gba ọ̀nà tó gbà wọlé padà ni, àbí ó máa balẹ̀ síbẹ̀?

Ti ariwo yẹn, òótọ́ lẹ sọ. Àwọn kan wà tó lè balẹ̀, kí rọ́tọ̀, abẹ̀bẹ̀ tó ń gbé e fò, dákẹ́, kí gbohùngbohùn wọn ṣì máa gbọ́. LEMUR 2 ti ilé iṣẹ́ BRINC l'Amẹ́ríkà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè gba ara rẹ̀ bá ẹni tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ẹnì kan fi pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Las Vegas lóṣù kẹwàá ọdún 2017 ló mú kí Blake Resnick dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ọlọ́pàá ló ní lọ́kàn, ìdí nìyẹn tí LEMUR 2 fi ní ohun tó ń fọ́ gíláàsì fèrèsé. Tiyín kì í ṣe gíláàsì.

Ìyá Ìbejì Chula Vista:
Ní ìlú tí mò ń gbé ní California, láti ọdún 2018 ni àwọn ọlọ́pàá ti ń rán drone jáde láti orí òrùlé bí èèyàn bá pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì. Ó sábà máa ń ṣáájú mọ́tò débẹ̀. Ìta ló ti ń fò, ènìyàn ló sì ń wà á láti ọ́fíìsì. Wọ́n máa ń gbé ọ̀nà tí ìkọ̀ọ̀kan gbà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ará ìlú, síbẹ̀ àwọn aládùúgbò mi kan ṣì ń bínú. Tiyín yìí máa wọ yàrá ẹni ẹlẹ́ni. Ta ló máa tọ́jú fídíò ibẹ̀?

Arábìnrin Òfin:
Ìwé àṣẹ NCAA (àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà) àti ti ONSA (ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò) ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan láìrí i.

Onírọ́tọ̀:
Mo gbàgbé bátìrì. Lóṣù kẹwàá ọdún 2024, Ṣáínà, níbi tí bátìrì wọn ti ń wá, fòfin de Skydio, ilé iṣẹ́ drone ńlá l'Amẹ́ríkà. Bátìrì ẹyọ kan péré ni Skydio wá ń fún oníbàárà fún drone kan nígbà náà. Ẹ bi àwọn ọmọ yẹn ibi tí tiwọn ti ń wá.

Alákàsọ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni, Àbúrò. Mo ti ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́bọ̀. Ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa, àjà rẹ̀ ti jìn. A máa dáná táyà níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi kan á wà ní yàrá tó wà lódìkejì, níbi tí èéfín ò dé, á mú ṣíbí lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn pè mí lálẹ́ àná, ó ní bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́ nínú èéfín ńkọ́, ta ló máa san án. Mo rẹ́rìn-ín wàyí.

Onírọ́tọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lo táyà o. Ọ̀rá rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ lẹ́ǹsì, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ewé tútù ni kẹ́ ẹ fi rú èéfín.