Egbé ni VPN, kì í ṣe àfẹ́ẹ̀rí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Orúkọ Yorùbá la ń wá fún VPN, ètò tó ń mú wa gba orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan níbòmíràn, dé orí ayélujára. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pè é ní àfẹ́ẹ̀rí, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó lo àfẹ́ẹ̀rí, ojú kankan ò gbọdọ̀ tó o mọ́. Ta ni VPN fi pamọ́ tó bẹ́ẹ̀? Ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún wa ń rí i pé a wà lórí ayélujára, ó rí sáfà tí a so mọ́, ó sì mọ iye dátà tí a jẹ. Ohun tó ń lọ nínú rẹ̀ nìkan ni kò rí kà. Ìkànnì tí a yà sí náà rí àlejò. Àdírẹ́ẹ̀sì sáfà yẹn, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ lórí ayélujára, ló kàn rí dípò tiwa. "Rí" tó kẹ́yìn àfẹ́ẹ̀rí ló bà á jẹ́, torí wọ́n ṣì ń rí wa.

Egbé ni ká pè é. Gbé ni iṣẹ́ rẹ̀: ó gbé èèyàn níbí, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí Jámánì. Ẹni tó gbé ọ, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ni VPN náà, sì mọ ibi tó ti gbé ọ. Èyí ni àwọn tó ń sáré gba VPN ọ̀fẹ́ kì í rò.

Ọdẹ ni bàbá bàbá mi. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó ni egbé ni egbé ń gbé, ẹni tó dúró tì í á wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ka "àfẹ́ẹ̀rí àpínlò" yín, pé bí a bá tan hotspot, tí fóònù fi ń pín dátà rẹ̀ fún ẹ̀rọ mìíràn, gbogbo ẹni tó so mọ́ ọn ti wọ abẹ́ ààbò VPN. Mo dán an wò. Àmì kọ́kọ́rọ́ tó fi hàn pé VPN ń ṣiṣẹ́ wà lókè fóònù mi, Jámánì ni àdírẹ́ẹ̀sì mi. Mo so kọ̀ǹpútà àbúrò mi mọ́ hotspot fóònù kan náà: àdírẹ́ẹ̀sì tí ilé iṣẹ́ dátà fún wa gan-an ló yọ síta! Bí Android àti iPhone ṣe ń jáde láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n nìyẹn. Kí kọ̀ǹpútà náà ní VPN tirẹ̀.

Ẹni tó ní àwọn èèyàn á ka egbé sí ègbé, kí wọ́n fi àmì sí i! Mi ò lè torí ẹni tí kì í fi àmì sọ́rọ̀ ju ọ̀rọ̀ àwọn baba wa nù. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sá fún orúkọ oògùn, "nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni aláìfojúrí" tí ẹ mú wá, ta ló máa pè é tán?

Àpínlò tí ẹ pe hotspot ní tiẹ̀ dára, mo ti ń lò ó. Ẹ ṣáà yọ àfẹ́ẹ̀rí kúrò níwájú rẹ̀, kí ẹnì kan má baà gbà yín gbọ́ kó lọ tú àṣírí ara rẹ̀.