Àbọ̀ lórí magnesium tó ń da inú mi rú
Ẹ kú àdúrótì. Mo bèèrè níjọ́sí ìdí tí magnesium tí mò ń lò sí pajápajá ẹsẹ̀ fi sọ mí di ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Irú magnesium tí wọ́n ń pè ní oxide ni! Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í wọ ara. Inú ìfun ló ń dúró sí, tó ń fa omi. Apòògùn pààrọ̀ rẹ̀ sí irú magnesium mìíràn, glycinate, 200 mg, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Inú ti dákẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Pajápajá ṣì ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, n ò ní parọ́. Àṣé mo tún ń gbé e mì pọ̀ mọ́ levothyroxine mi, ìyẹn oògùn thyroid (ẹṣẹ́ inú ọrùn)! Wákàtí mẹ́rin ló yẹ kó wà láàrin wọn. Ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà o. Ọ̀rọ̀ mi parí, ẹ ṣé gan-an.