Ìdíje ìgbáradì ṣáájú NUGA: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa rí

Ẹ̀yìn Òsì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Gbogbo ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì rí ló ní ìtàn NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, lẹ́nu. Àwọn àgbà á sọ ti àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn ní 1966. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á sọ ti Akọka, ọgbà Yunifásítì Èkó, ní 2022. Ohun tí mi ò kì í gbọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ìdíje kéékèèké tó ń ṣáájú rẹ̀, tí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin á pe ara wọn jọ láti fi dán ẹsẹ̀ wò. Kóòṣì nìkan ló ń kọ iye ayò sílẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ya ẹni tó ń lọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń padà sílé. Mo fẹ́ ká kó àwọn ìtàn yẹn jọ síbí kó má baà parun. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi bẹ̀rẹ̀.

Ìparí oṣù kìíní ọdún 2022 ni. Ẹ̀yìn lápá òsì ni mò ń gbá. Àwa méjìdínlógójì la wà ní àgọ́, ogún péré ni kóòṣì máa mú lọ sí Èkó. Ẹni tá a jọ ń du ipò yẹn ni ẹni tá a jọ ń gbé yàrá kan náà. Ìkòkò kan la fi ń se ìrẹsì, ọṣẹ kan la fi ń wẹ̀. Tí a bá ti wọ pápá, a kì í wo ojú ara wa. Tí a bá ti dé yàrá, yóò bi mí bóyá mo ti jẹun. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tó bá wà níbí á mọ̀ pé òun ni.

Agogo márùn-ún ìdájí la gbéra n'Ìbàdàn, nínú bọ́ọ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ ò ṣe é tì. Ọyẹ́ gbá wa títí a fi dé Àṣejirè, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí dírẹ́bà sọ̀kalẹ̀ lọ wá omi. Nígbà tá a dé Ìkirè, ẹni tó ń mójú tó owó ikọ̀ ra dòdò Ìkirè fún wa, dúdú mìnìjọ̀, tó ta lẹ́nu dáadáa. Kóòṣì bínú pé ata kọ́ ló yẹ kéèyàn jẹ ní ọjọ́ tó máa sáré. A ti jẹ ẹ́ tán kó tó parí ọ̀rọ̀.

Nígbà tá a dé ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà wá lálejò, kíláàsì ni wọ́n fi wá wọ̀ sí. A to àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a tẹ́ ẹní. Pápá tí wọ́n fún wa ní koríko létí, àmọ́ iwájú ilé ayò méjèèjì ti pá bí orí arúgbó. Bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ níbẹ̀, ó lè fò kọjá orí aṣọ́lé, eruku ọyẹ́ ò sì ní jẹ́ kó tètè rí i.

Kóòṣì wa ní ìwé kan, irú ìwé olójú-ewé ogójì tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò, pẹ̀lú pẹ́ńsù tó máa ń há sétí. Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ kò tíì kúrò létí mi títí dòní: "Ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù dáadáa kọ́ ni mò ń wò. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ ni mò ń wò, kí n rí ohun tó máa ṣe tẹ̀lé e."

Ọjọ́ kìíní, èmi ni mo gbá a látìbẹ̀rẹ̀ dópin, òdo sí òdo. Ọjọ́ kejì, òun ni. Ọjọ́ kẹta, kóòṣì pín in sí méjì, ó ní kí n gbá ìdajì àkọ́kọ́. Ọmọ kékeré kan wà lápá ọ̀tún àwọn tá a kojú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bíi ti òkété. Ó kọ́kọ́ já mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo bá a. Ìgbà kejì tó tún já mi sílẹ̀, ó dá mi lójú pé ó ti kọjá ààlà kí wọ́n tó ta bọ́ọ̀lù sí i, ni mo bá dúró, mo gbọ́wọ́ sókè, mò ń wo rẹfirí. Rẹfirí ò fọn fèrè. Bọ́ọ̀lù wọlé. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, pẹ́ńsù ti kúrò létí kóòṣì.

Ní ìdajì kejì, ọmọ yẹn kan náà já alábàágbé mi sílẹ̀. Ó tiẹ̀ ṣubú lulẹ̀. Ó dìde pẹ̀lú eruku lójú, ó sá tẹ̀lé e láti ìlà àárín títí dé ẹnu ilé ayò, ó na ẹsẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù jáde. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà tí mo ti rí i. Mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ látìgbà yẹn.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà ni kóòṣì ti ka orúkọ, lẹ́yìn tá a kọjá Gbọ̀ngán. Nígbà tó dé ẹ̀yìn òsì, orúkọ rẹ̀ ló pè. Kò pariwo, kò bá ẹnikẹ́ni bọwọ́. Ó kọjú sí fèrèsé, mo kọjú sí ẹsẹ̀ mi. Àwa méjèèjì ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ìwó Ròòdù.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ọgbà dá páropáro, àwọn ìyá olóúnjẹ kó ìkòkò wọn lọ, àwọn ogún tí wọ́n mú nìkan ló kù ní àgọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìsàlẹ̀ bùútù alábàágbé mi já. Bùútù òkìríkà tí ìyá mi rà fún mi ní Ògùnpa ṣì le dáadáa. Mo gbé e fún un kí n tó di ẹrù mi.

Nígbà tó di oṣù kẹta, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀jọ́ta, mo wọ òmíràn dé Yábàá, mo dé Akọka. Mo jókòó pẹ̀lú àwọn òǹwòran, mò ń wo bùútù mi tó ń gbá NUGA. Gbogbo ìgbà tó bá ti ta bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ òsì mi á mì nílẹ̀.

Ó yá, tiyín ńkọ́?

Aṣọ́lé Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí. Ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí 2019. HiFL, líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, gbogbo wa ló ń sáré kí wọ́n lè fi wá sínú ikọ̀ tó máa lọ. Ìgbáradì tiwa bọ́ sínú oṣù karùn-ún, ààwẹ̀ Ràmàdáánì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù náà. Àwa mẹ́fà là ń gbààwẹ̀ nínú ikọ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń fi eré sí, oòrùn Ìlọrin lẹ sì mọ̀.

Kóòṣì sọ fún mi pé tí mo bá fẹ́, òun á fi ẹlòmíì sílé, òun ò ní kà á sí mi lọ́rùn. Mo ní rárá. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilẹ̀ ń yí lójú mi. Mo di òpó mú. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn wa, Kìrìsìtẹ́nì ni, ló ń sọ fún àwọn yòókù pé, "Ẹ má jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kankan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́." Wọn ò sì jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ mi lóòótọ́.

Nígbà tí fèrè dún, wọ́n gbé omi jáde fún gbogbo ikọ̀. Kò sẹ́ni tó mu nínú wọn. Wọ́n jókòó tì wá lórí koríko títí oòrùn fi wọ̀, tí wọ́n pe ìrun Màgáríbì, a ṣínu, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fẹnu kan omi tiwọn. Mi ò sunkún lórí pápá rí àfi ọjọ́ yẹn.

Nọ́ńbà Méje

Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣì rí ilé-ẹ̀kọ́ tó máa bá yín gbá. Àwa ikọ̀ obìnrin ò rí. Àwọn tá a kọ̀wé sí ní ikọ̀ obìnrin àwọn ò tíì pé mọ́kànlá. Ohun tí kóòṣì wa ṣe ni pé ó lọ bá ilé-ẹ̀kọ́ girama mẹ́ta tó wà nítòsí, ó ní kí àwọn ọmọkùnrin wọn wá bá wa díje. Àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ ń tijú, wọn ò fẹ́ kàn wá lára. Lẹ́yìn tá a gbá ayò méjì wọlé, ìtìjú tán! Eléyìí ta mí lókè, tọ̀hún gbé mi ṣánlẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Látìgbà yẹn, obìnrin tó bá sáré bọ̀ wá bá mi kì í bà mí lẹ́rù.

Ìyá mi wá wò wá lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn. Kò wá sí pápá rí. Ó dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé báàgì rẹ̀ lé àyà, nígbà tí ọmọkùnrin kan gbé mi ṣubú, ó pariwo pé, "Dìde, ìwọ ọmọ yìí, bọ́ọ̀lù ń lọ!" Mo dìde.

Ará Carolina

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ò dé NUGA, torí ní 2016 ni mo gba ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ lọ sí North Carolina. Oṣù kẹjọ ni àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìgbáradì tiwọn máa ń wáyé, nínú ooru, kí ìdíje gidi tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù náà. Òfin wọn nígbà náà yàtọ̀ sí ti ilé. Aago wọn ń kà padà sẹ́yìn ni: láti 45 ló ti ń bọ̀ wálẹ̀, tó bá ti kan òdo, ìdajì parí, rẹfirí kì í fi ìṣẹ́jú kankan kún un. Ẹni tí wọ́n bá sì yọ ní ìdajì kejì lè padà wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi. Ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìgbáradì mi àkọ́kọ́, wọ́n yọ mí lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá tí ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀. Mo gbà pé ó ti tán fún mi nìyẹn. Mo tú bùútù, mo da aṣọ bojú, mò ń ronú ohun tí mo máa sọ fún bàbá mi l'Abẹ́òkúta, ẹni tó ta ilẹ̀ kí n tó rí owó ọkọ̀ òfuurufú. Ẹnì kan gbá mi léjìká: "Wọ bùútù rẹ, o ń padà wọlé."

Lọ́jọ́ yẹn ni olùkọ́ àgbà kan tó wà pẹ̀lú wa sọ fún mi nípa Thompson Usiyan, ọmọ Nàìjíríà tó gbá bọ́ọ̀lù fún Appalachian State ní Boone, ìlú orí òkè ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, láti 1977 sí 1980. Ayò 109 ló gbá wọlé, 46 nínú rẹ̀ ní 1980 nìkan. Ó dùn mí pé ní 2020, ilé-ẹ̀kọ́ náà fagi lé ikọ̀ bọ́ọ̀lù ọkùnrin wọn. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ síbẹ̀ lónìí ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún wọn.

Alábàágbé

Èmi ni o. Ẹ̀yìn Òsì, mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè kọ nǹkan kan.

O ò mọ̀ pé bùútù yẹn tóbi jù fún mi. 44 ni ìwọ ń wọ̀, 42 ni èmi. Mi ò fẹ́ sọ fún ọ torí o lè rò pé mò ń kọ̀ ọ́. Owú ni mo há sí iwájú rẹ̀, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, bí mo ṣe gbá gbogbo eré wa ní Akọka nìyẹn. Mo rí ọ láàárín àwọn òǹwòran. Mi ò lè gbọ́wọ́ sókè kí ọ, torí kóòṣì ń wò.

Ó ṣì wà nílé wa n'Ísẹ́yìn. Àbúrò mi tó kẹ́yìn ti wọ yunifásítì báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi bíi tìrẹ, òun ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn òsì lòun náà ń gbá. Ìdíje ìgbáradì wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Ẹ̀yìn Òsì

Áà! Bá mi sọ fún un pé tó bá pàdánù bọ́ọ̀lù, kó má gbọ́wọ́ sókè o. Kó sá padà.