Àbọ̀ ìbéèrè mi: ṣé òórùn ewé lè lé kòkòrò ara tòmátì?

Ẹ rántí pé mo béèrè níjelòó bóyá òórùn ewé lè lé eṣinṣin funfun kéékèèké tó ń fa omi ara tòmátì mi. Ọ̀sẹ̀ 6 ti kọjá, àbọ̀ rèé.

Ẹni tó ní kí n gbin efinrin sáàárín ebè kò parọ́, àmọ́ àfi kó sún mọ́ra. Tòmátì tó fara kan efinrin mọ́ dáadáa; èyí tó jìnnà, ewé rẹ̀ ṣì ń ká kò. Tí mo bá fọwọ́ ra efinrin náà kí òórùn rẹ̀ tú jáde, ńṣe ni eṣinṣin ń gbéra fò. Bóyá ọwọ́ mi ni wọ́n tilẹ̀ ń sá fún, n ò lè búra.

Omi aáyù gígún ńkọ́? Ó ṣiṣẹ́ títí òjò fi rọ̀. Ọṣẹ díẹ̀ tí mo pò mọ́ ọn jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ewé, síbẹ̀ mo ń tún un fín lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa fín in o. Èyí tí mo fín lọ́sàn-án gangan jó ewé mọ́ mi lójú.

Kòkòrò tó ń gbẹ́ inú èso kò ka òórùn kankan sí. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣà wọ́n láràárọ̀.

Ẹ ṣeun, pàápàá ẹ̀gbọ́n tó dá àbá efinrin.