Ẹbọra kọ́, abàmì ẹ̀dá kọ́: èmi fara mọ́ "afurasí"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn dá sílẹ̀ ò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Wọ́n ní kí la fẹ́ máa pe mọ́ńsítà tó fara pamọ́ sínú ìtàn àwọn ọmọdé ní Yorùbá, èyí tí òǹkọ̀wé ò fojú ẹ̀ hàn wá rárá àmọ́ táwọn òǹkàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń bá ara wọn jà pé ó wà níbẹ̀, pé àwọn rí ìrù ẹ̀ lójú ìwé báyìí báyìí. Ẹ̀gbọ́n ní ẹbọra ti tó. Àǹtí wa tó jẹ́ tíṣà l'Ékòó ní rárá, abàmì ẹ̀dá ni, wọ́n tún fi kún un pé ká má wulẹ̀ mẹ́nu ba àǹjọ̀nú torí kì í ṣe Yorùbá. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì, mi ò gbà.

Ẹ jẹ́ n tètè mú abàmì ẹ̀dá kúrò nílẹ̀. L'Abẹ́òkúta níbí, bẹ́ ẹ bá dúró ní Kútọ̀ tẹ́ ẹ pariwo abàmì ẹ̀dá, Fẹlá ni wọ́n á rò pé ẹ ń kì. Ìlú yìí náà ni wọ́n bí i sí ní 1938, orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn, ìwúrí ló sì jẹ́, kò sọ́mọ tó máa gbọ́ ọ kó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ti àǹjọ̀nú, òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ Hausa ló ti wọlé, Lárúbáwá ló sì ni gbòǹgbò ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí Fágúnwà fi sọ ẹ̀dá lórúkọ nínú Igbó Olódùmarè, ta wá ni wá tá a fi máa lé e jáde? Bá a bá fẹ́ lé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá Hausa wá, àlùbọ́sà náà á kúrò lọ́bẹ̀ nìyẹn.

Ẹbọra gan-an ló le, torí òun ló sún mọ́ ọn jù. Àmọ́ ẹ padà lọ wo bí Fágúnwà ṣe ń ṣe é nínú Ògbójú Ọdẹ, tó jáde ní 1938 kan náà. Àgbákò yọ, ó dé fìlà irin, ó wẹ̀wù idẹ, ó wọ ṣòkòtò awọ, ojú 16 ló yí orí ẹ̀ ká. Ojú 16! Bàbá yẹn ka ojú ẹ̀ fún wa! Kò sí ohun tó pa mọ́. Egbére náà ńkọ́, gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń gbé ẹní kiri tó ń sunkún. Ẹbọra Yorùbá ní orúkọ, ó ní aṣọ, ó ní igbó tó ń gbé, tẹ́ ẹ bá pàdé ẹ̀ ó tún lè bi yín pé ọmọ ta ni yín kó tó nà yín. Kì í ṣe afarapamọ́ rárá. Ká má tíì sọ tàwọn tó jẹ́ pé òrìṣà ilé wọn ni wọ́n ń pè ní ẹbọra, tí wọn ò sì ní fẹ́ ká sọ ọ́ di nǹkan tá a fi ń dẹ́rù ba ọmọ. Nígbà tí Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta náà, túmọ̀ ìwé yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Gẹ̀ẹ́sì ò ní ọ̀rọ̀ tó tó irú àwọn ẹ̀dá yìí, ló bá dá tiẹ̀ sílẹ̀, ó kọ ghommid. Ẹnikẹ́ni ò mú un fún un. Kí ló wá dé táwa ò lè dá tiwa?

Ẹ wá wo irú nǹkan tá à ń wá orúkọ fún. Ọ̀wọ́ ìwé ọmọdé kan wà tó ń jẹ́ A Series of Unfortunate Events, ìwé 13 ni, ó jáde láti 1999 sí 2006. Nínú ìkọkànlá, tó jáde ní 2004, àwọn ọmọ òrukàn mẹ́ta wà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi, ẹ̀rọ tó ń fi ohun tó wà nínú omi hàn bá gbé àmì ìbéèrè kan jáde, ọ̀gá ọkọ̀ ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èèyàn panu mọ́, nígbà tí wọ́n bi í pé kí nìyẹn ó ní àwọn àṣírí kan burú ju ohun tó yẹ kọ́mọdé mọ̀ lọ. Ó tán! Títí dé ìwé tó kẹ́yìn, ẹnì kan ò sọ bóyá ẹranko ni àbí ọkọ̀, kódà àwọn tó bá a pàdé, a ò mọ̀ bóyá ó gbé wọn mì ni àbí ó gbà wọ́n là. Nígbà tí òǹkọ̀wé kan náà tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ mìíràn ní 2012 tí ère ẹranko omi kan wà nínú ẹ̀, làwọn kan bá ní hẹn-ẹ́n, òun nìyẹn, wọ́n ń so ó pọ̀ títí dòní.

Mo máa ń ka irú ìtàn báyìí fáwọn ọmọ àdúgbò wa n'Ítòkò, ẹnu ni mo fi ń túmọ̀ ẹ̀. Bí mo bá pe nǹkan inú omi yẹn ní ẹbọra, kíá ni wọ́n á máa bèèrè ìwo mélòó ló ní, ọmọkùnrin kan ti fi báírò ya eyín ẹ̀ sórí itan ara ẹ̀ kí n tó ṣí ojú ìwé kejì. Àmọ́ tí n bá ṣáà sọ pé nǹkan kan wà lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n fura sí i, wọn ò rí i, gbogbo ẹ̀ á pa lọ́lọ́. Ọmọbìnrin kan rọra gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Ẹlòmíì ní "Olórò ni!" torí bojúbojú tí wọ́n ń ṣe. Ọmọ yẹn gbọ́n o, torí Orò l'Ẹ́gbàá níbí, ohùn ẹ̀ là ń gbọ́, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé a ò lè gbé Olórò sínú ìwé ìtàn ká máa fi tú mọ́ńsítà òyìnbó, àwọn àgbà á pè wá.

Oríṣi kejì tún wà, èyí tí kò sá pamọ́ sínú omi, ara èèyàn ló sá sí. Ẹ̀gbọ́n mẹ́nu ba Coraline, ìwé 2002 tí wọ́n fi ṣe fíìmù ní 2009, níbi tí ọmọ náà gba ẹnu ọ̀nà kékeré kan tó sì bá ìyá mìíràn níbẹ̀ tó jọ ìyá ẹ̀ gẹ́lẹ́, bọ́tìnì ló wà lójú ẹ̀. Àwọn kan ń méfò pé ọmọ yẹn ò tíì jáde níbẹ̀ títí di báyìí. Other Mother ni Gẹ̀ẹ́sì pè é, ẹ̀gbọ́n wá tú u sí "ìyá kejì". Háà, ẹ̀gbọ́n! Nílé tá a ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, ìyá kejì ló ń fún wa lẹ́ran tí ìyá tiwa ò bá sí nílé. Ta ló máa sá fún un? Ẹ ṣáà pè é ní "ìyá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn", ẹ jẹ́ kí bọ́tìnì fúnra ẹ̀ sọ ìyókù. Irú èyí, Tutùọlá ọmọ ìlú wa ti ṣe é nínú ìwé ẹ̀ The Palm-Wine Drinkard ní 1952, ọkùnrin arẹwà tí ọmọge tẹ̀ lé láti ọjà, tó ń dá ẹ̀yà ara tó háyà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń sanwó ẹ̀, títí tó fi ku agbárí nìkan. Ẹnì kan ní ká pe irú wọn ní "agbáwọ̀wọ̀". Ó dùn létí, àmọ́ Jésù la máa ń sọ pé ó gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa tún un rò. Aparadà tó fún èmi.

Ti inú omi ló kù. Àwámárìdí ì bá dáa, à bá tiẹ̀ máa jó sí i, àmọ́ Ọlọ́run la fi ń kì, tí ìyá ìjọ bá ka "Àwámárìdí gbé wọn mì" ìwé yẹn máa wọ iná. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká lo afurasí. Gbogbo wa là ń gbọ́ ọ lórí rédíò, afurasí ọ̀daràn, ẹni tí pọ́lísì mú tí ilé ẹjọ́ ò tíì dá lẹ́bi. Nǹkan inú omi yẹn, afurasí ẹbọra ni. Òǹkàwé ti mú un, òǹkọ̀wé ò jẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé Àǹtí á ní ó ń rùn tàgọ́ pọ́lísì, ó ń rùn lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ táwọn olólùfẹ́ ìwé ń ṣe gan-an nìyẹn, wọ́n ń kó ẹ̀rí jọ, wọ́n ń tọpa ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ń kọ yẹn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní fan theory, ìméfò ni ká máa pè é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kó àbá èrò orí wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tàwọn onísáyẹ́ǹsì nìyẹn.

Àǹtí, tẹ́ ẹ bá ní òmíràn, ẹ dán an wò fáwọn ọmọ kíláàsì yín kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ wá sọ fún wa bóyá ìwo ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè.