Wọ́n fẹ́ fa omi ẹ̀yìn àbúrò mi, màmá wa kò gbà

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ibà gbé àbúrò mi ọkùnrin dè, ẹni ọdún 34 tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe l'Ódógunyàn. A lo oògùn ibà, kò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ó kó bàtà sínú fìríìjì, ó wá ń fi orúkọ màmá wa pe ìyàwó rẹ̀. Pásítọ̀ ní àfiṣe ni, onílé ní igbó ló ń mu. Nígbà tó ṣubú tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì la gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́ lọ́pọlọ, wọ́n sì fẹ́ fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Màmá fáàrígá, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ kì í dìde mọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì: Irọ́ ni. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń gún, okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí kó tó débẹ̀. Orí lè fọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tí àìsàn ti wọ̀ lára gan-an ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń di ẹ̀bi ru abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán orí, ẹ yà á. Bí ọpọlọ bá ti wú jù, wọn ò ní fa omi náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi dókítà lálẹ́ yìí ni pé, ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ acyclovir, oògùn tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì? A kì í dúró de èsì lábù. Láìsí oògùn yẹn, bíi 7 nínú èèyàn 10 ni irú èyí tó wọ́pọ̀ jù ń pa.

Télọ̀ Báyékù: Ó ṣe ìyàwó mi rí. Ẹja yíyan ló ń tà. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fimú fínlẹ̀: "Ẹja ń jó! Ta ló wà nídìí ààrò?" Ààrò tutù rinrin, a ò tíì dáná. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, kò mọ ọ̀nà balùwẹ̀ mọ́. Herpes simplex ni wọ́n pè é, kòkòrò kan náà tó ń mú kí nǹkan sú síni létè. Ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ lọ́gangan etí ló máa ń bà jẹ́, ibẹ̀ ni òórùn àti ìrántí wà.

Oníkẹ́mísì kan fẹ́ ta acyclovir oníhóró fún mi, ó ní ọ̀kan náà ni, ó sì dínwó. Ẹ má rà á o! Inú iṣan ni ti ọpọlọ ń gbà, ní wákàtí 8-8, fún ọjọ́ 14 sí 21. Ó ní láti máa kán fún bíi wákàtí kan, kí omi sì tó lára rẹ̀ nítorí kíndìnrín. Bó bá sì lajú tó bèèrè oúnjẹ, mọ̀lẹ́bí á ní kí ẹ máa gbé e bọ̀ nílé. Ẹ má gbà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti kó ẹrù sínú kẹ́kẹ́ kí n tó dé!

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀: Ẹ ṣeun, bàbá. Ṣé ara ìyàwó yín ti padà sípò?

Télọ̀ Báyékù: Ó ń tajà. Gbèsè tí oníbàárà jẹ ẹ́ látijọ́, kò gbàgbé kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n tàárọ̀ yìí lè má sí lórí rẹ̀ lọ́sàn-án. Ìwé kékeré ló ń kọ ọ́ sí: ẹni tó rà, iye tó san, iyọ̀ tó ti bù sọ́bẹ̀. Inú tún ń tètè bí i, kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọlọ́jà Sábó: Ṣé ajá kò bù ú jẹ láti oṣù mélòó kan? Ẹ sọ fún dókítà bó bá ṣẹlẹ̀. Ti dìgbòlugi yàtọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀: Kò sí ajá kankan. Wọ́n ti fi acyclovir kọ́ fún un láti ọ̀sán. Màmá ló kù tí kò tíì fọwọ́ síwèé.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì: Kí ló kan màmá nínú ìwé? Ṣebí ó níyàwó. Ìyàwó ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀: Ó ti fọwọ́ sí i báyìí. Màmá ń bínú, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e wọlé.